Ẹjọ́ Omi àti Ọ́ìlì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹni tí ó gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo tí ó sì dájọ́ bá jẹ́ àgbà láàárín àwọn òṣìkà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òǹkàwé, orúkọ wo ni ẹ ó fún ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni rárá, tí ó sì ti dájọ́ tán? Èmi ni ẹni náà. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ bí mo ti jìn sí kòtò tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi.

Ọkọ̀ ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Peugeot 504 ni, èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú yín mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tí ó di ọdún 1975, a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná nílẹ̀ wa níhìn-ín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibùdókọ̀ kan láti Èkó títí dé Kánò tí a kì í ti í rí i láyé ìgbà náà. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ẹṣin. Nígbà tí ó sì di tèmi, mo rò pé bí mo ti jogún ọkọ̀ náà ni mo jogún ọgbọ́n àtitọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní àkókò ìsinmi ọdún 2018, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lójú ọ̀nà. Bí mo bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, tí mo sì sítáàtì rẹ̀, omi inú rẹ̀ a máa yọ ìtàkùtà bí ẹni pé ẹja ń mí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé tí mo kà sọ ohun tí ó fà á: gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì ti jó, afẹ́fẹ́ iná sì ń gba ibẹ̀ wọ inú omi. Òótọ́ ni ìwé náà sọ. Bàbá mẹkáníìkì kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì bá bàbá mi ṣiṣẹ́ títí bàbá mi fi kú. Ǹ bá gbé e lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ti pọ̀ lágbárí mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ohun tí ẹni tí kò kàwé ń ṣe lójoojúmọ́ kò lè ṣòro fún ẹni tí ó kàwé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, kò sì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yìnkùlé ilé ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà. Mo da omi rẹ̀ nù, mo tú àwọn bóòtù rẹ̀, mo sì gbé orí ẹ́ńjìnì náà kúrò. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ, wọ́n sì bá mi fá ojú rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú. Títí dé ìhín, kò sí àléébù. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dúró kí wọ́n fá a tán, mo bojú wo inú ẹ́ńjìnì tí ó ṣí sílẹ̀, mo sì rí i pé èédú ti bo orí àwọn písítìn. Méjì wà lókè, méjì wà nísàlẹ̀. Mo ní kí n kúkú fọ gbogbo wọn. Mo fi sípánà yí kíráńkì láti iwájú kí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè wá. Mo fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ìwé náà ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i nígbà tí orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àfi bí ó bá kọ́kọ́ fi irin di àwọn sílíìfù inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ìwé náà gan-an ni mo fò, nítorí mo rò pé mo ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo to gbogbo rẹ̀ padà. Mo bu kúláǹtì aláwọ̀ ewé mọ́ omi, mo dà á sínú rédíétọ̀. Mo ra ọ́ìlì lítà 5 lọ́wọ́ ìyá kan tí ó máa ń bù ú tà láti inú dúrọ́ọ̀mù ní ẹ̀bá ọ̀nà. Mo da lítà 4 sínú ẹ́ńjìnì, mo sì tọ́jú lítà 1 tí ó kù. Nígbà tí mo sítáàtì rẹ̀, ó dún bí ìgbà tí bàbá mi wà láyé. Mo wà á lọ sí Ọ̀yọ́, mo sì wà á padà, kò gbóná. Kò sí ọ̀rẹ́ mi kan tí n kò ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ mi fún. Lóòótọ́, ní òròòwúrọ̀ ni mo ń bu omi díẹ̀ kún rédíétọ̀, ṣùgbọ́n mo wí fún ara mi pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ nígbà tí mo ń tò ó ni ó ń jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo fa gééjì ọ́ìlì yọ, àyà mi sì já. Ọ́ìlì tí mo dà sí i ní àwọ̀ oyin. Èyí tí ó tẹ̀lé gééjì jáde dàbí tíì tí a da mílíìkì sí. Mo ṣí ìdérí tí a ń gbà da ọ́ìlì, ìfófòó funfun bíi ti ọṣẹ sì ti bo abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì náà tún ga ju àmì tí mo fi í sí lọ.

Ṣé mo jókòó kí n ronú? Rárá o. Ohun kan ṣoṣo ni mo rà tí n kò mọ ìdí rẹ̀, èyí ni ọ́ìlì. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ọwọ́ mi kò sì lè ṣe àṣìṣe! Mo gbé gééjì náà dání bí ẹni gbé idà, ó di ẹ̀bá ọ̀nà.

Mo ní, "Màmá, omi ni ẹ bù mọ́ ọ́ìlì tí ẹ tà fún mi!"

Ìyá náà dìde. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù tí mo ti bu tiyín náà ni mo ti ń bu ti gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ sínú ìgò kí ẹ wò ó."

Mo ní n kò wo ìgò kankan; mo ní ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá sú ni kí ó máa rà á lọ. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Awakọ̀ Micra kan ti na owó sí ìyá náà kí n tó dé. Mo rí i bí ó ti fa ọwọ́ rẹ̀ padà, tí ó fi owó náà sápò, tí ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo rí i, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi kò mọ̀ pé ẹyin ni mo ń sọ̀kò rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo gbà lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ béèrè ohun tí ó ṣe ọkọ̀; ẹlẹ́rìí ni mo ń wá. Bàbá fi ìka méjì pa ọ́ìlì tí ó wà lára gééjì, wọ́n wò ó nínú oòrùn, wọ́n sì ní, "Tíṣà, o ti gbọ́ tẹnu ara rẹ. O kò gbọ́ ti ìyá náà. Ó wá ku ti ọkọ̀. Má tún wà á mọ́ o, jẹ́ kí a lọ fà á wá."

Wọ́n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi gbọdọ̀ wà á. Kíráńkì kì í fara kan bẹ́ríǹ tí ó jókòó lé. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà láàárín wọn, tí ó gbé e sókè bí omi ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi. Omi kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Kúláǹtì tilẹ̀ tún burú ju omi lásán lọ, nítorí nínú ooru ẹ́ńjìnì a máa di kíkan, a sì máa jẹ ojú bẹ́ríǹ. Ó tún lè sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀ tí yóò dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá.

Nígbà tí a fa ọkọ̀ dé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́. Mo nawọ́ sí ìfófòó tí ó wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì. Wọ́n ní, "Ẹlẹ́rìí yẹn a máa purọ́." Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń wa ọkọ̀ ní ìrìn kúkúrú, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó láti lé oruku omi inú rẹ̀ jáde, oruku náà a dì mọ́ abẹ́ ìdérí, a sì di funfun. Bí a bá nù ún nù, tí a wa ọkọ̀ náà lọ jìnnà, tí kò sì padà, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gééjì kì í purọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti ń mú ìròyìn bọ̀. Bí ti orí gééjì náà bá ti funfun, tí ọ́ìlì sì ń ga sí i, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oruku. Ọ́ìlì kì í bí ọmọ.

A fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè silẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Bí a bá fún un láyè, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Ní òwúrọ̀, Bàbá gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n rọra tú nọ́ọ̀tì ìdí ọpọ́n ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, wọn kò yọ ọ́ tán. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ọ́ìlì. Omi ni, ó tó ife kan, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé.

Mo ti kà á pé kúláǹtì a máa dùn lẹ́nu, mo sì na ìka kí n tọ́ ọ wò. Bàbá gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ní, "Adùn rẹ̀ ni ikú rẹ̀." Májèlé ni í ṣe lóòótọ́, kíndìnrín ni í bà jẹ́, adùn yìí ni ó sì ń tan ajá àti ọmọdé tí wọ́n fi ń lá a. Wọ́n dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dé e, wọn kò jẹ́ kí ẹ̀kán rẹ̀ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tíṣà, bí ìyá yẹn bá tilẹ̀ fẹ́ bu omi mọ́ ọjà, níbo ni yóò ti rí omi aláwọ̀ ewé?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìgbà náà ni mo wá ń ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ kìíní. Lítà 4 ni mo dà sínú ẹ́ńjìnì. A wọn ohun tí ó jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5. Omi tí mo ń bù kún rédíétọ̀ láràárọ̀, bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó bí lítà 1. Ohun tí rédíétọ̀ pàdánù ni ọpọ́n ìsàlẹ̀ jèrè. Síbẹ̀ Bàbá kò dá ẹjọ́ náà sórí àwọ̀ nìkan. Wọ́n gbé pẹpẹ irin kan lé iná títí ó fi gbóná. Wọ́n kán ọ́ìlì ìdí ọkọ̀ sí i: ó ta, ó ń pariwo pá-pà-pá bí ìgbà tí omi bá bọ́ sínú agbada àkàrà. Wọ́n ní kí n lọ gbé lítà 1 tí ó kù lára ọ́ìlì ìyá náà wá. Wọ́n kán an sí i. Ó tàn ká, ó rú èéfín díẹ̀, kò sì fọhùn.

Báyìí ni ìyá náà ṣe jàre ní ilé ẹjọ́ tí kò mọ̀ pé wọ́n ń dá ẹjọ́ òun. Ó wá ku ibi tí omi gbà wọlé. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí omi wọn ń bá ọ́ìlì pàdé nínú ẹ̀rọ tí ó ń mú ọ́ìlì tutù, ibẹ̀ sì lè lu. Ọkọ̀ mi kò ní irú rẹ̀. Bàbá wo gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn gbẹ, àwọ̀ wọn sì dọ́gba; bí omi bá ń bọ́ sínú iná, ọ̀kan ìbá ti mọ́ bí èyí tí a fọ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó ń yọ èéfín funfun, mo ní rárá. Wọ́n bi mí bóyá omi rédíétọ̀ ṣì ń ta ìtàkùtà, mo ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tí o ṣe lókè dára." Inú mi dùn díẹ̀. Ayọ̀ náà kò pẹ́.

Wọ́n tú ọpọ́n ọ́ìlì sílẹ̀ pátápátá, kí a lè máa wo inú ẹ́ńjìnì láti abẹ́. Wọ́n da omi kún rédíétọ̀, wọ́n fi páǹpù ọlọ́wọ́ kan dé ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi fún afẹ́fẹ́ sí i títí dé ìwọ̀n tí ìdérí rẹ̀ lè gbà, wọn kò jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. A wo ọwọ́ aago ara páǹpù náà: ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo na gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìdí sílíìfù kẹta, ẹ̀kán omi kan yọ, ó wú, ó sì já bọ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Bàbá kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Wọ́n kàn béèrè láti ibi tí wọ́n dúró sí pé, "Tíṣà, nígbà tí o gbé orí rẹ̀ kúrò, ṣé o yí i?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, mo sì fẹ́ máa gbé ibẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ jẹ́ ara irin ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Sílíìfù mẹ́rin ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, bí ẹni ki ife bọ inú ìkòkò omi. Omi ni ó yí wọn ká, èdìdì pẹlẹbẹ kan sì wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí omi náà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Orí ẹ́ńjìnì tí a dì mọ́ wọn lórí ni ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí a bá gbé orí náà kúrò, kò sí ohun tí ó di sílíìfù mú mọ́. Bí a bá wá yí kíráńkì, písítìn tí ń gòkè lè wọ́ sílíìfù rẹ̀ dání díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n irun orí. Ìdọ̀tí a sì kó sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá tún dì í padà, orí ìdọ̀tí ni èdìdì jókòó lé. Bí mo ti ń fọ orí písítìn kí ó lè dán, ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún omi nísàlẹ̀.

A yọ gbogbo sílíìfù náà, a fọ ìjókòó wọn, a fi èdìdì tuntun sí ìdí wọn, a sì fi irin di wọ́n mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kíráńkì. Àwọn bẹ́ríǹ ti ń pàwọ̀ dà, a pààrọ̀ wọn. Bàbá ní bí mo bá ti wà á fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kíráńkì ni à bá máa sọ. A fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mìíràn sí i, a sì di àwọn bóòtù rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele-ìpele. Lẹ́yìn náà ni a da ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú sí i, a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, a dà á nù, a pààrọ̀ fítà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ́ìlì tó di àwọ̀ ara rẹ̀ mú. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́, mo san án lọ́nà mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì tí a parí rẹ̀, mo padà sí ẹ̀bá ọ̀nà ní agogo 10 òwúrọ̀, àkókò tí mo ti lọ lọ́jọ́sí, nítorí mo fẹ́ kí àwọn tí ó gbọ́ èkíní gbọ́ èkejì pẹ̀lú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè pé kò sí omi nínú ọ́ìlì ìyá yìí, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ọkọ̀ mi jẹ́, tí mo sì fi orúkọ oníṣòwò bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ní kí n dìde.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, mo ti gbọ́. Ọlọ́run á dárí ji gbogbo wa. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ọjọ́sí kò tíì padà wá o."

Mo lọ sí ibùdókọ̀ Micra lẹ́ẹ̀mejì láti wá a. Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀? N kò wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ tí ó ń fi owó sápò ni mo rí. Ta ni ó sì mọ iye ènìyàn tí òun náà ti sọ fún? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a da ọ́ìlì nù kí ẹ́ńjìnì tó mọ́. Èyí tí mo dà sétí aráyé, n kò mọ nọ́ọ̀tì tí mo lè tú kí ó lè jáde.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ìyá yìí ni mo ti ń ra ọ́ìlì. Ìgò funfun kan wà lórí tábìlì wọn nísinsìnyí, wọ́n bu ọ́ìlì sínú rẹ̀, ó mọ́ gaara, oòrùn a sì máa là á kọjá. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà tuntun rò pé láti fi polówó ọjà ni. Èmi àti ìyá náà mọ̀ pé ẹ̀rí ni.